Aṣọ Pupa Láàárín Àwọn Ẹyẹ

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lórí abọ́ ẹyin.

Ìwọ́de ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Nordvika, ìlú kékeré kan létí òkun ilẹ̀ òtútù, gbogbo ìlú sì ti rọ́ wọ gbọ̀ngàn ìpàdé. Fèrè ṣì ń dún níta, àwọn ọmọdé ń fi ọ̀pá àsíá gún ara wọn, àwọn ìyá arúgbó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn nídìí tábìlì oúnjẹ. Jorid na ọwọ́ sí ẹyin kan, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò rí rí ló ń wò ó, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ mọ́ lóló bí omi òwúrọ̀. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo gbogbo gbọ̀ngàn náà.

"Ta ló kun ẹyin wọ̀nyí lọ́dà?" ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í. "Ṣebí ọdún Àjíǹde tí wọ́n máa ń kun ẹyin ti kọjá?"

Jorid bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ló kùn ún. Ẹyin ẹyẹ òkun ni. O ò jẹ ẹ́ rí?"

"Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹyin adìyẹ là ń jẹ, bíi ti ọmọlúàbí."

"Ọmọlúàbí tó bá dé Nordvika tí kò jẹ èyí, inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá la máa ń dá a padà sí."

"Èmi gan-an ni mò ń so okùn ọkọ̀ ọ̀hún. Sjur lorúkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni."

Jorid bó ẹyin náà fún un, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Sjur fi gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di ojú bí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó lajú, pupa ẹyin ti dé irùngbọ̀n rẹ̀. Jorid ti yọ fóònù, ó ti ya fọ́tò rẹ̀.

"Háà! O tiẹ̀ ti yà mí?"

"Kò sí ohun tí n kì í yà. Màmá àgbà mi ní bí ikú bá wá mú mi, màá ní kó kọ́kọ́ dúró dáadáa kí n yà á."

Wọ́n jọ jókòó sí igun tábìlì. Sjur sọ fún un nípa àwọn èbúté tó ti sùn sí, àti nípa ẹja ńlá àbùùbùtán kan tó fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí ẹnu gbogbo wọn kún fún ẹran àgùntàn gbígbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò lè pariwo. Jorid náà fi àwọn àwòrán inú fóònù rẹ̀ hàn án: ẹja àti ọ̀dùnkún, olóńgbò tó sùn sínú àwọ̀n, ẹyẹ, ẹyẹ, ẹyẹ.

"Pẹ́pẹ́yẹ òkun ni wọ́n," Jorid ní. "Ayálégbé wa ni wọ́n ní Ærholmen, erékùṣù wa. A ń kọ́lé fún wọn, wọ́n ń fi ìyẹ́ àyà wọn tí à ń tà sanwó ilé."

"Wọ́n kì í jẹ gbèsè?"

"Rárá o. Wọn kì í bá ara wọn jà nítorí omi ẹ̀rọ náà."

Ẹ̀rín Sjur gbọn gbogbo ara Jorid bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọn ewé. Ìgbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún ló tó rántí pé òun ti ṣèlérí láti tètè padà. Ó dìde fùú, ó sáré lọ sídìí ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Abọ́ ẹ̀kọ wàrà kíkan tí wọ́n dì fún màmá rẹ̀ àgbà wà lórí tábìlì, kò tiẹ̀ rí i.

Ærholmen kì í ṣe erékùṣù ńlá. Ilé ènìyàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilé Magnhild, ìyá tó bí ìyá Jorid. Ilé ẹyẹ ló pọ̀ yí i ká, ti òkúta àti ti pákó tí òkun gbé wá, tí kò ga ju orúnkún lọ. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Magnhild á tẹ́ ewéko òkun gbígbẹ sínú wọn, àwọn abo pẹ́pẹ́yẹ á sì rìn gòkè wá bí àlejò tó mọ yàrá rẹ̀, wọn á yé, wọn á sàba. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn àlejò kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ará ilé kì í kan ìṣó, wọn kì í sá aṣọ síta, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ẹyẹ. Aṣọ kan náà ni ẹni tó ń tọ́jú wọn á máa wọ̀ títí wọn á fi lọ, torí aṣọ ni ẹyẹ fi ń mọ ènìyàn. Ti Jorid ni kóòtù àtijọ́ bàbá àgbà tó ti dolóògbé, tó máa ń gbé kọ́ sínú ilé ọkọ̀ létí omi bó bá ń jáde ní erékùṣù.

Nígbà èwe Magnhild, ẹyẹ pọ̀ débi pé wọ́n ń sàba lábẹ́ ibùsùn. Lọ́dún yìí, ilé tó ṣófo pọ̀ ju ilé tó ní onílé lọ.

"Bí ẹ̀rù bá lé àwọn wọ̀nyí lọ, ó parí nìyẹn," ló máa ń sọ. "Màá ti ilẹ̀kùn, màá lọ bá ìyá rẹ nígboro, màá máa wo mọ́tò láti ojú fèrèsé."

Jorid so ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó kọjá ilé ọkọ̀. Ó bọ́ sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó la àárín àwọn ilé ẹyẹ kọjá, aṣọ ìbílẹ̀ pupa rẹ̀ ń fẹ́, àwọn fàdákà àyà rẹ̀ ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Irùngbọ̀n pupa nìkan ló ń rí lójú ọkàn. Àfi bí ẹyẹ kan ṣe já jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀! Ó wo ara rẹ̀. "Yéè!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, igbe yẹn ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹyẹ kejì jáde, ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, wọ́n ń ta ìyẹ́ wọ́n ń sáré, títí ìkẹyìn wọn fi bọ́ sínú òkun.

Magnhild ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Jorid bó bá pariwo.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó—"

"Lọ wọ kóòtù rẹ."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá àgbà."

"Ṣé èmi lo lé jáde? Kóòtù, Jorid. Ẹyin ń tutù."

Wọ́n jọ lọ láti ilé dé ilé lórí ìkúnlẹ̀. Ẹyẹ tó bá fara balẹ̀ kúrò nídìí ẹyin rẹ̀ á kọ́kọ́ fi ìyẹ́ bò ó. Èyí tó bá sá kì í rántí. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi fa ìyẹ́ náà bo ẹyin, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n dúró lójú fèrèsé. Àwọn ẹyẹ wà lórí omi, wọ́n ṣù jọ, wọn kò wá, wọn kò lọ.

"Bí wọ́n bá kọjá àpáta yẹn lọ sójú agbami, a ò ní rí wọn mọ́," Magnhild ní.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ àfọwọ́wà kékeré kan yọ láti ẹ̀yìn àpáta náà. Ọkùnrin kan ló ń wà á. Abọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ wé wà lórí itan rẹ̀.

"Ta ni wèrè yẹn?" Magnhild béèrè.

Jorid sún mọ́ fèrèsé. "Sjur ni. Ẹni tí mo pàdé níbi àjọ̀dún ni. Ẹ̀kọ yín ni mo gbàgbé."

"Ẹ̀kọ nìkan kọ́ lo gbàgbé lónìí."

Kò sí bí Jorid ṣe lè pè é. Igbe kan péré, àwọn ẹyẹ á fò lọ. Jorid gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé gíláàsì fèrèsé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ ti ọkọ̀ náà padà. Ó ń gbàdúrà sínú pé kí Sjur gbójú sókè. Sjur gbójú sókè. Ojú wọn tún pàdé, pẹ̀lú omi àti gbogbo àwọn ẹyẹ yẹn láàárín wọn. Ó dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Ó wo Jorid, ó wo àwọn ẹyẹ, ó wo àwọn ilé kéékèèké. Ó wá rọra gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sọ ìdákọ̀ró sómi láìjẹ́ kómi ta, ó káwọ́ gbera.

"Kí ló dé tí kò padà?" Jorid sọ lábẹ́ ohùn.

"Bó bá yí ọkọ̀ báyìí, àjẹ̀ á pariwo. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ojú Magnhild kò kúrò lára ọkọ̀ náà mọ́. "Ní báyìí, ó ti dí ọ̀nà agbami."

Òjò dé, òjò tútù tó ní yìnyín nínú. Sjur kò fa fìlà bojú. Ẹ̀fúùfù ń gbọ̀n ọ́n, kò mira. Ó jókòó bí òkúta tí wọ́n bí síbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń ro omi, ó gbá abọ́ ẹ̀kọ mọ́ra. Jorid ń sunkún, kò sì mọ èyí tó ń sun fún jù, ẹyẹ ni àbí ọkùnrin náà.

Nígbà tó pẹ́, ẹyẹ kan yà kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó sún mọ́ ọn débi pé Sjur ì bá fọwọ́ kàn án. Ó gòkè sí èbúté, ó gbọn ara, ó ń tiro bọ̀.

"Petra nìyẹn!" Magnhild di ọwọ́ Jorid mú. Orúkọ àwọn obìnrin Nordvika tó bá a ṣọ̀tá rí ló fi ń pe àwọn ẹyẹ rẹ̀. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi oúnjẹ."

Òmíràn tẹ̀ lé e. "Oddny. Wò ó bó ṣe ń yan. Ó rò pé torí òun la ṣe ń ṣọ̀nà." Òmíràn, òmíràn. Wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí kò mira náà bí ẹni pé igi ni, wọ́n ń wọ ilé wọn. Kjellaug nìkan ni kò padà. Magnhild pín ẹyin rẹ̀ sábẹ́ àwọn tó kù.

Nígbà tí ilẹ̀ ti parọ́rọ́, Sjur fa ìdákọ̀ró, ó gbé abọ́ náà lé àpáta ìta, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò juwọ́. Jorid rí i pé ó fẹ́ juwọ́, tó sì so ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Magnhild jẹ ẹ̀kọ náà ní tútù, òjò ti wọ̀ ọ́, bọ́tà orí rẹ̀ ti dì.

"Ó ti le bí sìmẹ́ǹtì," ló sọ. Ó lá ṣíbí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sè é fún mi, mi ò jẹ èyí tó dùn tó báyìí rí. Ṣé ó ti gbéyàwó?"

"Màmá àgbà!"

"Mo kàn béèrè ni. Ẹni tó lè jókòó sínú òjò láìbéèrè ìdí, wọn kì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará Nordvika."

Lọ́jọ́ kejì Jorid kọ lẹ́tà. Ó lè wá orúkọ Sjur lórí fóònù, kó tẹ "o ṣeun" kó sì fi òdòdó sí i. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kan wà tí ìka kan ṣoṣo kéré láti tẹ̀. Ó fọwọ́ kọ ọ́, ó fà á ya, ó tún un kọ. Kò sì lè fi ránṣẹ́. Magnhild ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde tàbí wọlé mọ́ títí àwọn ẹyin á fi pa. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ayára, ọkọ̀ èrò tí Sjur ń bá ṣiṣẹ́, ń kọjá lókèèrè, lójoojúmọ́ ni ẹnì kan ń dúró ní ìdí ọkọ̀ náà tí kì í juwọ́, tí kì í sì í yíjú kúrò.

Àwọn ẹyin pa. Petra ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sómi, wọ́n tò tẹ̀ lé e bí ìlẹ̀kẹ̀. Magnhild dúró létí omi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú orúkọ, títí kan orúkọ àwọn obìnrin tó ti bú níwájú ìlú rí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Jorid.

"Kí lo tún ń dúró ṣe?"

Ọkọ̀ ayára ti fẹ́ ṣí nígbà tí Jorid sáré dé èbúté Nordvika nínú kóòtù bàbá àgbà, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn nírun. Àwọn èrò dúró gbọnin lórí pákó, Sjur sì di okùn mú, ó ń wò ó.

"Ọ̀dọ́mọbìnrin, ọkọ̀ ń lọ o!" obìnrin kan tó gbé agbọ̀n pariwo. "Bó o bá máa wọlé, wọlé!"

"Mi ò rìnrìn àjò, mà." Ó na lẹ́tà náà sí Sjur.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" Sjur béèrè.

"Ọpẹ́."

Ó wo bí ó ṣe nípọn tó. "Gbogbo èyí?"

"Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni ọpẹ́ wà," Jorid ní.

Sjur jọ̀wọ́ okùn, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó tutù mọ́ ṣòkòtò, tiwájú tẹ̀yìn, ó sì fi méjèèjì gbà á.