Mo Lọ Bẹ Ọ̀gá Ọmọ Mi Nítorí Kẹ̀kẹ́

Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ, nítorí náà aṣọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò lára ènìyàn kí n tó wo ojú. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi lókè òkun, mo rí ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ níbi tó sá a sí. Ìdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, epo ṣéènì sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ tó ń yàwòrán ilé, tí mo ń fi yangàn fún gbogbo oníbàárà mi, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́.

Mo bi í léèrè mọ́tò rẹ̀.

"Mi ò ní mọ́tò, Mọ́mì. Mo wà dáadáa."

"Ọdún mẹ́fà lo ti ń sọ pé o wà dáadáa."

"Torí pé mo wà dáadáa ni." Ó de akoto mọ́rí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo dúró lójú fèrèsé. Ìyá kan kó ọmọ méjì sínú àpótí tó wà níwájú kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ ń jẹ búrẹ́dì bí ẹni tó jókòó ní pálọ̀. Màmá arúgbó kan ń wa tirẹ̀ bọ̀, ó fi ọwọ́ kan mú agboòrùn. Wọ́n tilẹ̀ la ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n kùn ún ní pupa. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìyà ìlú yìí mà kárí o.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí nǹkan ò bá rọgbọ fún ọmọ ẹni níbi iṣẹ́, òbí a lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi rí, ó sì bọ́ sí i. Lọ́jọ́ kẹta, bí ọmọ mi ṣe wọ balùwẹ̀, mo ró ìró tó dáa jù nínú àpótí mi, mo yọ́ jáde. Ọmọ mi ti fi iléeṣẹ́ wọn hàn mí lọ́jọ́ tí mo dé, kò ju òpópónà mẹ́ta lọ sílé.

Mo ti rí ọ̀gá náà nínú fọ́tò: ọkùnrin gíga, onírùngbọ̀n funfun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí mọ́tò ńlá. Aago kan dún lẹ́yìn mi. Mo yí padà, ọ̀gá nìyẹn lórí kẹ̀kẹ́, àṣé ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni mo dúró sí. Mo wo sùútù rẹ̀. Èjìká rẹ̀ jókòó pẹ́ẹ́, ojú rírán rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kì í ṣe sùútù ẹni tí ìyà ń jẹ, àmọ́ ó fi rọ́bà so ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Ó yẹ kí n padà sílé nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sẹ́nu. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣàánú ọmọ mi. Ẹ wá mọ́tò fún un."

Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú Yorùbá mi. Ó wo ilẹ̀ yí mi ká, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì, òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń ṣí ewé tó já sílẹ̀ wò. Ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, àṣé ó rò pé yẹtí mi ló já bọ́. Èmi ń bẹ̀bẹ̀, òun ń wá yẹtí, bí ọmọ mi ṣe bá wa nìyẹn.

"Mọ́mì, kí lẹ sọ nù?"

Mo ṣàlàyé. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ní òun ti fún mi ní mọ́tò lọ́dún tó kọjá, èmi ni mi ò gbà á." Ẹ̀rín wá kúrò lójú ọmọ mi. "Ẹ ò gbà mí gbọ́ rárá."

"Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn," mo ní. "Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá ránṣẹ́ béèrè mi, mo máa ń ní mo wà dáadáa."

Ó bá bi mí pé, "Èyí tí ẹ̀yin náà máa ń sọ fún mi lórí fóònù wá ńkọ́?"

Mo fẹ́ dìde, orúnkún ọ̀tún kọ̀ fún mi. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ló gbé mi dìde.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

Kò bá mi wí. Ó mú mi jókòó lórí àtẹ̀gùn iléeṣẹ́, ó jókòó tì mí, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún mi tó wú.