Ẹni Tó Ń Bu Eérú sí Gadéníà

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Sàláúdéènì pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Ọkùnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú òdòdó nínú ọgbà kan ní Agodi wá di ẹni tí ń jókòó sójú kan nínú ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà, tí ń fi ojú lásán sọ̀rọ̀. Àtọ́kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló ń bọ́ ọ, òun náà ló ń wẹ̀ ẹ́.

Gadéníà kan wà nínú ìkòkò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Òdòdó rẹ̀ a máa funfun bí òwú, òórùn dídùn rẹ̀ a sì máa dá ẹni tó ń gòkè lọ sí Mápó dúró. Sàláúdéènì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ẹ̀fọ́ àti ata ni Àtọ́kẹ́ mọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Ohun tí ọkọ mi fẹ́ràn ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́." Bó ṣe ń bu eérú sídìí ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń bu ú sídìí gadéníà.

Ni ewé bá ń pọ́n bí ìyeyè, ìrudi ń já bọ́ kó tó là. Comfort, aládùúgbò wọn tó jẹ́ Aládùúrà, wò ó títí.

"Ìyá Nojeem, bóyá kẹ́ ẹ fi kún eérú yẹn."

Àtọ́kẹ́ fi kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ rẹ̀ síta kó yáàrùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sídìí gadéníà pẹ̀lú abọ́ eérú lọ́wọ́, ó gbọ́ ohùn híhá kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Eérú... kọ́!"

Ó rò pé ẹni tó ń kọjá ni. Ó yíjú: kò sẹ́nìkan lójú ọ̀nà, àfi ọkọ rẹ̀ níjòkòó.

"Bàbá Nojeem, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀?"

"O... ń pa á."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ń ké "Alihamudulilai!" Comfort sáré jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó ké "Halelúyà!" Ẹ ò lè mọ èwo ló ròkè jù.

Láti ọjọ́ náà ni Sàláúdéènì ti ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìtọ́jú òdòdó, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan: eérú tí ẹ̀fọ́ fẹ́, òun ni gadéníà kọ̀. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ eléérú dànù, wọ́n fi ewé jíjẹrà dípò. Omi òjò ni kó máa bu sí i. Oòrùn àárọ̀ ni kó rí, ìbòòji lọ́sàn-án. Díẹ̀díẹ̀ ewé tútù yọ. Nígbà tí òdòdó àkọ́kọ́ là, Àtọ́kẹ́ gé e fún Comfort, ó ní òun dúpẹ́ ìmọ̀ràn burúkú yẹn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Títí di òní, Àtọ́kẹ́ a mọ̀ọ́mọ̀ gbé kẹ́tùlù omi lọ sídìí gadéníà lásìkò tí kò yẹ, kí ọkọ rẹ̀ lè bá a wí. Bó bá ti gbọ́ ìbáwí náà tán, a ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," a sì tún máa fetí sílẹ̀ bóyá yóò fi kún un.