Irọ́ Tí Onígbàjámọ̀ Pa fún Tíṣà

Kò sí ẹni tó ń gẹrun lọ́dọ̀ Onígbàjámọ̀ tí kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí ẹ̀rọ ìgẹrun bá ṣe ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà á máa rojọ́. Ẹnu yìí náà ló sì kó bá a.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti yọjú nínú pírósítéètì rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ó ní kò tóbi, kò sì yára dàgbà, nítorí náà wọn ò ní tíì fọ̀bẹ kàn án. Ṣíṣọ́ ni wọn yóò máa ṣọ́ ọ: lọ́dọọdún, ẹ̀rọ MRI, tí wọ́n máa ń ti èèyàn bọ inú ihò rẹ̀, yóò máa ya àwòrán inú ara rẹ̀, bí nǹkan bá ti yí padà, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Onígbàjámọ̀ gbà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà kan tajú kán rí káàdì ọsibítù lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, tó sì bi í ní ohun tó gbé e débẹ̀, ojú tì í kí wọ́n mọ ibi tí àrùn náà wà lára òun. Ló bá sọ ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀rọ oníhò yẹn? Mo ní kí wọ́n máa ki ara wọn bọ inú ẹ̀! N ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ wò mí, kí ló ṣe mí?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, olùkọ́ jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ tán.

"Ọ̀gá, mo ka ohun tó wà lórí káàdì yín. Òun náà ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Ẹ̀rù ihò yẹn ń bà mí. Ṣé lóòótọ́ lẹ ò padà lọ?"

Òtítọ́ dé ọ̀nà ọ̀fun Onígbàjámọ̀, ó gbé e mì.

"Lóòótọ́ ni, Tíṣà. Ẹ gbàgbé wọn jàre."

Bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ló ń ti ṣọ́ọ̀bù, tó ń parọ́ pé òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tó sì ń lọ wọ inú ẹ̀rọ náà.

Lọ́dún yìí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ ọsibítù tó ṣí lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, nígbà tí Tíṣà fara ti ìyàwó rẹ̀ wọlé. Tíṣà ti rù hangogo.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí Onígbàjámọ̀. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹrin yín rèé, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Ẹ bá mi fi bàbá yìí lọ́kàn balẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin?" Tíṣà ò pariwo. Ariwo ì bá sàn ju bó ṣe wò ó lọ. "Ọdún méjì gbáko ni mi ò fi yọjú síbí, ọ̀gá. Ìgbà tí ẹ̀yìn ń ro mí tí mi ò lè sùn mọ́ ni ìyàwó mi wọ́ mi wá."

Wọ́n pe Onígbàjámọ̀ wọlé, ó sùn sílẹ̀, ẹ̀rọ ń dún gbàgbàgbà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná bí ẹni tí wọ́n tú sí ìhòòhò láàárín ọjà.

Àwòrán tirẹ̀ ò yí padà. Dókítà bá a yọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè yọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó lọ sílé Tíṣà. Ìyàwó Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn.

"Àrùn náà ti dé inú eegun wọn," obìnrin náà sọ fún un. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú." Kò ní kó jókòó.

Onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Tíṣà, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Tíṣà wí. "Èmi náà ń wá ẹni tó máa sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ fún mi ni. Àmọ́ kí lẹ ń sá fún?"

"Ojú ló ń tì mí, sà."

"Ojú ń tì yín, èmi ni mo wá ń fara gbá a."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Onígbàjámọ̀ sọ òtítọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó dárúkọ àrùn, ó dárúkọ ibi tó wà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan rọra bi í ní ọ̀nà ọsibítù náà, ó sì júwe rẹ̀ fún un.

Tíṣà ò wá gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á dá a lóhùn bó bá kí i, àmọ́ kì í dúró.