Ìyẹ̀fun Lábẹ́ Àjà

Nígbà tí ìyẹ̀fun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí àjà ilé ìdáná Christiana ní Ọ̀kà, ẹ̀rín ló fi rín. Ó fi ìka kan kó o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ọ lá. Ó ní ilé òun ti di ilé ìlọta, pé kò ní pẹ́ tí àjà yóò fi máa ro ògì fún òun. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni, ìdí rẹ̀ sì tóbi débi pé ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé òun á ti jókòó sí pálọ̀ tán kí ìdí òun tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Orí àjà yẹn ni irúgbìn wà. Àgbàdo Dáramọ́lá ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ Christiana tó ti dolóògbé ló mú un wá láti oko bàbá tirẹ̀: àgbàdo funfun kúkúrú, tí hóró rẹ̀ le bí eyín ọmọdé. Kò sí i lọ́jà. Ọdún mọ́kàndínlógún tí Dáramọ́lá ti kú, kò sí ọdún kan tí Christiana kò gbìn ín, kí ó sì so irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ kọ́ sókè iná. Wọn kì í bó háríhá ara rẹ̀. Háríhá yẹn ni wọ́n fi ń so ó ní méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi í ta èèyàn lọ́rẹ. Dáramọ́lá a ní kí wọ́n má fi ẹyọ kan ránṣẹ́, pé àánú rẹ̀ ń ṣe òun bó bá ń dá rìnrìn-àjò.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, Nathaniel ọmọ rẹ̀ ra gáàsì fún un, ó ní èéfín ti fẹ́ fọ́ màmá òun lójú. Christiana wá ń jókòó lórí àga dáná bí ìyàwó òyìnbó, ó ń mi ẹsẹ̀. Iná igi kú lábẹ́ àjà. Kò wá sí i lọ́kàn pé èéfín tó ń ta òun lójú ló ń lé kòkòrò fún irúgbìn. Ní oṣù kejì, ó ra àpò àgbàdo adìẹ kan níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù ní Ìkàrẹ́. Kò rí ibi gbé e sí, ó bá gbé e ka orí ààrò tó ti tutù.

Oṣù kẹrin ni ìyẹ̀fun dé. Fúnminíyì, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ àgíríìkì, ló bá a gun àjà. Ó tú ìdì kan. Ihò ló kù lára ṣùkù. Kòkòrò dúdú tíntìntín já sí i lọ́wọ́, orí wọn tẹ̀ sábẹ́ àyà bí ẹni tó ń fara pamọ́.

"Mọ̀mọ́, ta ló gbé eléyìí wọlé?"

"Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọkùnrin kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́, kòkòrò ló kù."

Fúnminíyì kò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe kòkòrò ilẹ̀ wa. Ìlú òkèèrè ló ti bá àgbàdo wọ ọkọ̀ òkun wá, kí wọ́n tó bí mi. Ó ń fò, àmọ́ èèyàn ló ń gbé e lọ jù. Nínú àpò, nínú háríhá. Ó sì ń jẹ igi." Ó gbá òpó àjà, ìyẹ̀fun dà sílẹ̀. "Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ la máa sun. Àti àjà."

Wọ́n sun ún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Christiana dúró tì í. "Orí àjà yìí ni Dáramọ́lá kọ́kọ́ gùn nílé yìí," ó wí, "kó tó wá gun èmi." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Ìgbà yẹn ló rántí Tàwàkálítù. Ìyá ọkọ Bridget ọmọ rẹ̀ ni, ní Ìkàrẹ́. Christiana ti fún un ní ogún ìdì ní ìparí oṣù kejì. Àgbàdo Dáramọ́lá kò tíì tán nílé ayé. Ó gun ọ̀kadà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fi ìdí ti ọlọ́kadà mọ́ orí táńkì.

"Àna mi, ẹ wọlé," Tàwàkálítù wí. "Ṣé ìdí yín ti dé, àbí ká dúró dè é?"

"Ó ṣì ń bọ̀, ọkọ̀ ẹ̀yìn ló wọ̀. Irúgbìn tí mo kó fún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Munir ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkáràm gba márùn-ún. Safinat àbúrò mi gbé mẹ́jọ lọ Ìfira. Mi ò bó háríhá o, méjì-méjì ni mo fi ránṣẹ́, bí ẹ ṣe wí."

Ó ṣí yàrá ẹrù. Ìdì méje ló rọ̀ sókè àpò àgbàdo tirẹ̀ àti gbágùúdá gbígbẹ. Ìyẹ̀fun funfun ti bo ẹnu àpò.

"Láfún ló ń dà," Tàwàkálítù wí. "Àná ni mo gbá a fún ewúrẹ́."

Christiana jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Tàwàkálítù wo àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin lẹ gbé e wá fún mi."

"Èmi ni. Mo dì í dáadáa. Mo tún gbàdúrà lé e lórí."

Tàwàkálítù tẹ nọ́ńbà Safinat, ó sì na fóònù sí Christiana. Inú Safinat dùn bó ṣe gbọ́ ohùn Christiana. "Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun àgbàdo o. Mo ti pín in fún àwọn obìnrin àsàlátù wa. Wọ́n ní kí n máa kí yín."

"Méjì-méjì?"

"Méjì-méjì, tòun ti háríhá. Ẹyọ ìdì kan ló kù lọ́wọ́ mi."

Christiana sọ fún un pé kí ó gbà á padà lọ́wọ́ gbogbo wọn, kí ó dáná sun ún. Lóde, òjò àkọ́rọ̀ ti ń kùn bọ̀, òjò tí àwọn àgbẹ̀ ti ń retí.

"Mọ̀mọ́, ṣé kí n yọ díẹ̀ sílẹ̀? Hóró bíi mélòó kan? Kí ẹ lè rí gbìn?"

Christiana lanu. Ó ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, kò rí i. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ìyẹ̀fun wà lára gbogbo ìka.

"Má yọ kankan," ó wí. "Dáná sun gbogbo rẹ̀."