Láti Ìdí Bátìrì

Rédíò ni mo ń tún ṣe, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni lọ́jọ́ tó gbé ìwé ilé-ìwé rẹ̀ lé tábìlì iṣẹ́ mi. Oníbàárà mẹ́ta jókòó.

"Bàbá, ẹ wò ó. Átọ̀mù ló para pọ̀ di gbogbo nǹkan, ojú ò lè rí i. Ó ní kókó láàárín, ẹ̀lẹ́ktrọ́nù sì yí i ká. Kókó yẹn ló ń fà wọ́n mọ́ra. Àmọ́ nínú kópà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà, ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó wà níta pátápátá, kókó ò dì í mú dáadáa. Òun ló ń rìn nínú wáyà yín."

"Ó ń rìn lọ síbo?"

"Láti ìdí bátìrì lọ sí orí."

Mo ní orí ni iná ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ lọ̀gá mi kọ́ mi.

"Àwọn tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì mọ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ni, Bàbá."

Onígbàjámọ̀ tó gbé rédíò wá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ọmọ yín ti fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín o!"

Ojú tì mí. Mo pa ìwé náà dé.

"Ṣé o ti rí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù rí? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó bí ọ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi! Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìdí-Bátìrì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára ládùúgbò. Kò tẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó pa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tì, ó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mi ò dá a dúró.

Lánàá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kàwé lọ́dọ̀ mi. Mo rí àwòrán bátìrì nínú ìwé rẹ̀. Ọfà ẹ̀lẹ́ktrọ́nù jáde láti ìdí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Láàárọ̀ yìí, mo wọ bàtà, mo gba ibi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ. Ó ń ran kọ́là ẹ̀wù.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Ìdí bátìrì ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Ibẹ̀ ni ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ti ń jáde. Ìwọ lo jàre."

Ó fi eyín já òwú.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn, Bàbá. Mo ti gbàgbé."

"Èmi ò gbàgbé."

Ó tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń ké. Mo fẹ́ fi kún un. Ṣùgbọ́n mo yí padà, mo fẹ́ máa lọ.

"Ta ló fi hàn yín?"

"Ọmọ rẹ."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Mi ò ní dán an wò."

Ó mi orí pé ó dáa. Ó tún tẹ ẹ̀rọ.