Ibi Tí Mo Ní Kí Verlyn Lọ

Kí ló dé tó fi jẹ́ òní ni Verlyn bi mí? Oṣù mẹ́rìnlá gbáko, kò bi mí. A ti jọ jókòó lórí adágún yìí nígbà òtútù tí omi rẹ̀ di yìnyín, a ti jọ wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà ooru, orúnkún ti kan orúnkún nínú àgọ́ tí kò ju balùwẹ̀ lọ yìí, kò bi mí. Àfi òwúrọ̀ òní, nínú ọkọ̀ mi, bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì wá ibi tí bẹ́líìtì ń há sí…

"Orrin, àwọn ẹja krápì ńlá-ńlá tí ò ń pa nígbà yẹn, kí n tó já sómi. Níbo gan-an lo ti ń pa wọ́n?"

Mo ní n kò rántí mọ́.

N kò rántí! Èmi tí mo lè dìjú kí n rìn débẹ̀. Mo sọ ọ́, mo sì tan rédíò, kí ẹlòmíì lè máa sọ̀rọ̀.

Kò ta kò mí. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń wo ìta. Ìgbà tá a bọ́ sórí yìnyín ló wá ń júwe ọ̀nà. "Ya sọ́tùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ eèsún yẹn. Sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ó tó." Ó tó. Ibẹ̀ gan-an ni. Bí mo bá na ẹsẹ̀, mo lè kan ibi tí mo lu ihò sí lọ́dún yẹn, bí kì í bá ṣe pé yìnyín ọdún yẹn ti yọ́ lọ tipẹ́.

Ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Ẹni tó bá mọ ẹja ló mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ràn etí eèsún. Verlyn sì mọ ẹja. Àkọsẹ̀bá ni.

Ó rẹ̀ mí.

Apá mi ń dùn mí láti ibi tí mo ti ń fa ọmọlanke tí kò ní táyà yẹn lórí ìrì dídì: sítóòfù, àgọ́, korobá méjì tá a fi ń ṣe àga, ẹ̀rọ ìlu-yìnyín, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn. Èmi nìkan ni mo ń fà á. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Mo ní kí Verlyn má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ òtútù. Ó ń rìn tẹ̀lé mi bí ọba.

Wò ó bó ṣe jókòó. Ó ń dúró kí n ti ìdẹ bọ ìwọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ìwọ̀ yìí kò ju irúgbìn tòmátì lọ, pẹ̀lú orí òjé tín-ín-rín tó ń fà á wálẹ̀. Ìdẹ rọ́bà yìí náà… méjì nínú wọn kò gùn tó èékánná mi, ìrù wọn rí bí irun ìpéǹpéjú. Abíyá mi ni mo ń tọ́jú páálí wọn sí, torí bí òtútù bá mú rọ́bà, á le, kò ní gbọ̀n nínú omi mọ́. Èyí tí kò bá sì gbọ̀n, ẹja kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. O gbọ́dọ̀ ti ìwọ̀ gba àárín rẹ̀ ní tààrà. Bó bá wọ́ báyìí, á máa pòòyì. Krápì á gòkè wá, á wò ó, á yí padà bí ìyàwó tó gbọ́ irọ́.

Verlyn ló kọ́ mi. Òun ló kọ́kọ́ pa ìdin tì lórí adágún Sorley yìí. Gbogbo wa la gbé ìdin sínú agolo, tá à ń gún un mọ́ ìwọ̀ bí bàbá wa ṣe gún un, òun dé pẹ̀lú rọ́bà. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Verlyn, ṣé ẹja tìrẹ ń jẹ bàtà ni?" "Ẹ má dá a lóhùn, ọdún tó ń bọ̀ á fi táyà dẹ wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ebi kọ́ ló ń mú wọn gbé e. Ọ̀fíntótó ni. Ohun tó bá ń gbọ̀n níwájú wọn, wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó jẹ́." Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ó ti kó mẹ́tàlélógún. Èmi kó márùn-ún.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó ti márùn-ún tèmi. Mo ra rọ́bà tó rà, mo ra àwọ̀ tó rà, pupa rẹ́súrẹ́sú, funfun, dúdú fún ọjọ́ tí omi bá mọ́. Mo mì ín bó ṣe ń mì ín. Kì í ṣe rọ́bà. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ìka yẹn ń sọ̀rọ̀ fún ẹja.

Àwọn ìka yẹn…

Má rò ó. Ti ìdẹ bọ ìwọ̀.

Ẹja kò pọ̀ lọ́dún tó já sómi yẹn, ìyẹn ló burú jù. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì ni. Èmi ni mo rí wọn, èmi nìkan, níbí yìí, krápì tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń pa wọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ní ilé tí wọ́n ti ń ta ìdẹ, èmi ni wọ́n ń bi. Èmi! Ni fóònù bá dún, Verlyn ni.

"Orrin, wọ́n ní ò ń kó wọn bí ẹni ń ká àgbàdo. Níbo ni?"

"Ẹnu odò. Níwájú ilé Bernadine."

"Ẹnu odò? Ṣé yìnyín ibẹ̀ ti ki?"

"Ó ti ki. Mo dúró lórí ẹ̀ lánàá."

Mo dúró lórí ẹ̀ lánàá. N kò débẹ̀ rí lọ́dún náà. Ọmọ ọdún méje lórí adágún yìí mọ̀ pé ẹnu odò ló ń pẹ́ jù kó tó dì, torí omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan tí yóò jẹ́ tèmi. Mo rò pé… kí ni mo rò? Mo rò pé á débẹ̀, á fi ọ̀pá irin gún yìnyín bí gbogbo àgbà ṣe ń gún un, á rí i pé ó fẹ́lẹ́, á bú mi, á padà sílé.

Kò gún un. Kí ló máa gún un fún? Orrin ti dúró lórí ẹ̀ lánàá.

Yìnyín fọ́ lábẹ́ rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ló sì fi dì mọ́ etí yìnyín nínú omi. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́ sómi. Ọlọ́run ló ní kí Bernadine wà lójú fèrèsé. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó fàyà wọ́ lórí yìnyín, ó ń ti àkàsọ̀ síwájú ara rẹ̀, ó sì fà á jáde. Òtútù ti pa ìka mẹ́ta àárín lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n gé wọn. Wọ́n ní ó ṣoríire.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Èmi ni mo gbé Marlys ìyàwó rẹ̀ lọ, tí mo gbé e bọ̀. Èmi ni mo pààrọ̀ òrùlé gáréèjì wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń wá mú un jáde, Marlys á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fúláàsì kọfí: "Ẹ ṣé o, Orrin. Ọlọ́run ló rán yín sí wa." Pásítọ̀ wa sọ ọ́ nínú ìwàásù, kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo orí yí síbi tí mo jókòó. "Àwa náà ní ará Samáríà tiwa." Mo wo bàtà mi. Wọ́n pè é ní ìrẹ̀lẹ̀.

Ẹni tó lé èèyàn sọ́wọ́ olè kọ́ ni ará Samáríà.

Ojú mi ń ṣe báìbáì. Ooru sítóòfù ti bo awò ojú mi. Ìdẹ yìí ti wọ́. Mo fà á yọ. Ó tún wọ́. Mo… ó ti já. Ìwọ̀ ti bọ́ sínú ihò yìnyín, ó lọ. Kí n wá òmíràn. Verlyn ì bá tilẹ̀ bú mi.

Kí ló ń ṣe?

Ó ti mú páálí náà lórí itan mi. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló fi há ìwọ̀ mọ́ra, ó fi eyín di rọ́bà mú ní orí, ó tẹ orí síwájú, ó fà á… Ó parí. N kò tíì mí sínú tán. Ó tọ́ gbọnrangandan, ìrù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kó bọ́. N kò lè ti ìdẹ bọ ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé pẹ̀lú ìka mẹ́wàá.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣe nǹkan nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe é láìwò ó.

Marlys… kí ni Marlys sọ nígbà ooru? Ó ń gbálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ilé wa ti kún fún ekòló rọ́bà yìí. Abẹ́ tábìlì, inú bàtà mi! Àràárọ̀ ló ń jókòó tì wọ́n." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó kàn ń wò wọ́n ni, bí èèyàn ṣe ń wo fọ́tò òkú.

Láti ìgbà ooru, nígbà náà. Láti ìgbà ooru ló ti lè ṣe é. Ó sì ń jókòó, ó ń dúró kí n ṣe é fún un. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ló dé?

Bernadine. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gbogbo adágún. Obìnrin yẹn rí mi níbí lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lọ kí Verlyn nílé ìwòsàn, mo bá a níbẹ̀, ó dákẹ́ bí mo ṣe wọlé, àwọn méjèèjì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rò pé ó ti rẹ wọ́n ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Verlyn mọ̀. Kì í ṣe òní. Ó ti mọ̀ kí n tó gun òrùlé gáréèjì rẹ̀. Ó mọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń gbàdúrà fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i pé bí kò bá fún mi ní nǹkan ṣe, n ó kú sínú ilé mi, ó sì na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n máa ti ìdẹ bọ ìwọ̀ fún òun. Mo pè é ní ìtọ́jú. Ta ló ń tọ́jú ta?

Iná pupa kan, ẹja kan, ti yọ nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ó ń gòkè bọ̀ síbi ìdẹ rẹ̀. Verlyn ń mì ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí òtútù ń mú. Kò wo ẹ̀rọ náà. Kò wò mí. Mo rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ara aṣọ àgọ́ wọlé. Ìgbà wo ló di arúgbó báyìí? Ìgbà wo ni abẹ́ ojú rẹ̀ wú?

Kò bi mí láàárọ̀ kí ó lè mọ̀. Ó bi mí kí n lè sọ ọ́ ni. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó tún mú mi wá sí ojú ibẹ̀ gan-an. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń bá mi gbé irọ́ mi, lẹ́nu Marlys, lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu gbogbo ìlú, kò ráhùn. Èmi ni mò ń pariwo pé ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Olúwa mi, ó ti rẹ òun náà.

Mo gbé ọ̀pá ìpẹja mi sílẹ̀ lórí yìnyín, kí n lè sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ. Kò yíjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.