Ta Ló Wá Mú Ọmọ Yìí?

Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu lọ́jọ́ tí à ń bọ̀ láti ìpàgọ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa. Òjò ti pa wá lórí òkè, àwọn àgọ́ ò tíì gbẹ tí a fi ká wọn kó sínú bọ́ọ̀sì, gbogbo inú ọkọ̀ sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi ọṣẹ. Iṣẹ́ aránṣọ ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tí mo sùn sí wá parí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà bi mí ní ìbéèrè, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run nìyẹn.

Èmi ni aṣáájú wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹnu mi le, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún yìí ni ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ bá wa lọ, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, mi ò sì fẹ́ kí òbí kankan sọ pé mò ń ṣojúsàájú. Ọjọ́ tí à ń lọ ni mo ti pè é sẹ́yìn ọkọ̀, mo ní títí a ó fi padà délé, kò gbọdọ̀ pè mí ní Màmá. Aṣáájú ni kó máa pè mí, bíi tàwọn tó kù. Ó ní ó dáa, Màmá. Mo wò ó. Ó ní ó dáa, Aṣáájú.

Ojú rẹ̀ sì rí màbo. Ìkòkò tó bá jóná, òun ni mo ń ní kó fọ̀ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀, ó wá dúró lẹ́nu àgọ́ mi, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹni méjì méjì ló ń sùn sínú àgọ́ lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá ń pe àwọn ọmọ, ẹni tí mo pè kọ́ ló ń jẹ́. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa wò ó bóyá ó wà nítòsí, tó máa wá dáhùn pé ó wà. Bí a bá sì padà délé, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àfi kí ará ilé rẹ̀ wá síwájú mi, kó sọ ọmọ tó wá mú. Èmi ni mo ṣe òfin méjèèjì, mo sì máa ń fi wọ́n yangàn.

Ẹnìkejì ọmọ mi ni ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Oorun, nítorí kò síbi tí kò lè sùn sí. A dúró ní ilé epo kan kí wọ́n lè lọ tọ̀, kí dírẹ́bà sì rọ epo. Baba Jẹ́jẹ́ là ń pe dírẹ́bà wa, torí kò sí kẹ̀kẹ́ tí kì í ya ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, mi ò tiẹ̀ dìde. Níbi tí mo jókòó sí níwájú, tí mo dijú, ni mo ti ń pè wọ́n. Mo pe ọmọ mi, Oorun la ojú kan, ó rí kúbùsù tó ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ó wà. A bá lọ.

Ọ̀nà ti jìn, oòrùn ti ń rọlẹ̀, kí àánú ọmọ náà tó ṣe mí. Búrẹ́dì kan ṣẹ́ kù nínú àpò mi, mo ní kí n yọ́ lọ fún un. Mo ń di àga mú títí mo fi dé ẹ̀yìn, mo ká kúbùsù náà. Àgọ́ tútù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo figbe ta. Oorun bú sẹ́kún, ó ní ọmọ mi ló da kúbùsù bo àgọ́ náà kí omi rẹ̀ má baà máa ta sí àwọn lára. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ èmi tó yẹ kó dìde wò wọ́n, ojú ni mo dì. Baba Jẹ́jẹ́ yí ọkọ̀ padà. Baba yẹn tí kì í sáré, ó sáré. Mo bọ́ fìlà pupa aṣáájú sórí itan mi, mo ń fún un bí ẹni ń fún aṣọ.

A bá a lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta epo. Mo sáré lọ kí n gbá a mọ́ra, àmọ́ ó dìde dúró ṣánṣán, bí mo ṣe kọ́ wọn, ó ní kí Aṣáájú má bínú, òun ló pẹ́ nílé ìtọ̀. Obìnrin náà wò mí tìkàtẹ̀gbin.

"Mo fún un ní fóònù mi pé kó pe ìyá rẹ̀," ó ní. "Ó ní ìyá òun ò bá àwọn wá."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe dúpẹ́. Nínú ọkọ̀, mo ní kó wá jókòó tì mí. Ó ní rárá, ẹ ṣeun, ọ̀dọ̀ ẹnìkejì òun lòun máa lọ. Ó sì lọ lóòótọ́. Ọ̀nà tó kù yẹn gùn ju èyí tí a ti rìn lọ.

Àwọn òbí ti ń retí wa níwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ń wá síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí oorun ń kùn lọ. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ku Baba Jẹ́jẹ́ tó ń gbá inú ọkọ̀, àti ọmọ mi tó dúró ti báàgì rẹ̀. Mo ní ó yá, ká máa lọ. Kò mira.

"Aṣáájú," ó ní, "kò tíì sẹ́ni tó wá mú mi."

Inú kọ́kọ́ bí mi, bó ṣe máa ń bí mi. Ó rẹ̀ mí, oúnjẹ ò sí nílé. Ìgbà tí mo wá wò ó dáadáa, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ yìí ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Mo fi fìlà pupa lé Baba Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, mo jáde lọ sójú títì, mo nu ojú mi, mo tún gba géètì wọlé. Baba ti dé fìlà náà.

"Ta lẹ wá mú, ìyá?" ó bi mí.

"Ọmọ mi," mo ní. "Ọmọ mi ni mo wá mú."

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ pẹ́, Màmá," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.